Bí A Ṣe Ń Fi Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Kan Ṣoṣo Ba Ọkọ̀ Olówó Ńlá Jẹ́: Ìwé Atọ́nà fún Ògbólógbòó Òmùgọ̀

Ẹ kú oríire, ọ̀gá wa. Ọkọ̀ ti dé. Ilẹ̀kùn méjì péré, imú gígùn gbọọrọ, ẹ́ńjìnnì V8 onílítà márùn-ún, ohùn tó ń jí ọmọ ìkókó àdúgbò lójú oorun. Ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi láti Amẹ́ríkà, ó ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ní Àpápá, pásítọ̀ ti ta òróró sí i lórí, ẹ sì ti ya fọ́tò lápá ọ̀tún rẹ̀, ẹ ti yà á lápá òsì. Ìṣòro kan ló kù: ọkọ̀ náà kì í rìn, fífò ló ń fò. Ẹ fi ìka ẹsẹ̀ rọra kan iná tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sá, ó ta gìrì, ó kù díẹ̀ kó wọ abẹ́ dánfó tó wà níwájú. Ẹ sáré gbé ẹsẹ̀, ó dúró gbì, ìyàwó yín fi iwájú orí kan dáṣíbọ́ọ̀dù. Láti Ojúẹlẹ́gba dé Ìkẹjà lẹ ń mi orí sókè sódò, débi pé ẹni tó ń wò yín láti inú BRT rò pé ẹ̀ ń gba gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìyàwó yín ń sọ.

Ẹ má bẹ̀rù. Àwọn ọlọ́gbọ́n ní ìwé tiwọn. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló tẹ̀ ẹ́, ó wà nínú pijin-hóòlù, ẹ kò sì tíì ṣí i. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín yìí, ẹ̀yin gan-an la kọ ọ́ fún. Bí ẹ bá tẹ̀ lé e ní ẹsẹẹsẹ, tí ẹ kò fo ìgbésẹ̀ kankan, mo ṣèlérí pé ọkọ̀ tó ń ta gìrì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan yóò di ọkọ̀ tó ń ta gìrì láti ilé dé ibi iṣẹ́. Ẹ ó sì tún lè máa sọ fún gbogbo ayé pé ọkọ̀ ló ya wèrè.

Àwọn ohun èlò

Ọkọ̀ kan tó lágbára ju ọ̀nà àdúgbò yín lọ.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún kan tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn, tàbí sìlípáàsì tó tóbi ju ẹsẹ̀ lọ.

Fúùtù máàtì mẹ́ta tí a tò lé ara wọn.

Mẹkáníìkì kan tó ti mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ kó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Owó. Ẹ tún wá òmíràn kún un.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ̀ jálẹ̀ láti mọ ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ìmọ̀ ni ọ̀tá àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ yìí. Nítorí náà, ẹ sáré ka ìpínrọ̀ méjì tó ń bọ̀, kí ẹ sì gbàgbé wọn lójú ẹsẹ̀.

Iná tí ẹ ń tẹ̀ yẹn kì í da epo. Atẹ́gùn ló ń ṣílẹ̀kùn fún. Ihò róbótó kan wà ní ẹnu ọ̀nà ẹ́ńjìnnì tí àwo pẹlẹbẹ kan dí. Àwo náà ń yí lórí irin tó gba àárín rẹ̀ kọjá, bó bá sì ti yí ni atẹ́gùn ń wọlé. Òun ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní throttle. Bí atẹ́gùn tó wọlé bá ṣe pọ̀ tó ni ọpọlọ ọkọ̀, tí wọ́n ń pè ní brain box, fi ń mọ iye epo tó yẹ kí nọ́sù tú jáde. Láyé àtijọ́, okùn wáyà kan ló so ẹsẹ̀ awakọ̀ mọ́ àwo yẹn: ẹsẹ̀ fà á, ó ṣí. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń parí lọ, BMW fi kọ̀ǹpútà sáàárín ẹsẹ̀ àti àwo nínú ọkọ̀ 750iL. Nígbà tó fi máa di 1997, Corvette pàápàá ti já okùn dànù. Láti ìgbà náà, ẹ̀bẹ̀ lásán ni ẹsẹ̀ yín ń bẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ méjì ló wà lára iná tó ń ròyìn ẹsẹ̀ yín fún brain box, tí ìkan ń ṣọ́ ìkejì kó má baà purọ́. Brain box á wá pinnu bí mọ́tò kékeré kan yóò ṣe ṣí ilẹ̀kùn náà tó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gba ìṣirò nìyí. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì onílítà márùn-ún bá yí lẹ́ẹ̀mejì, atẹ́gùn tó lè gbé mì kò ju lítà márùn-ún lọ. Bó bá ń yí ní ìgbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, bó ṣe máa ń yí nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, gbogbo rẹ̀ kò ju lítà 2,500 ní ìṣẹ́jú náà. Bó bá ń yí ní ìgbà 7,000, ó di 17,500. Ihò kan náà ló ń lò fún méjèèjì, wọ́n sì gbẹ́ ihò náà gbòòrò nítorí ọjọ́ eré. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́jẹ́, bí àwo náà bá ṣí díẹ̀ báyìí, ẹ́ńjìnnì ti rí ọ̀pọ̀ nínú atẹ́gùn tó lè gbé mì nígbà yẹn gbà. Gbogbo ìjà wà ní òkè iná, níbi tí ẹsẹ̀ ti kọ́kọ́ kàn án. Láti ibẹ̀ dé ilẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tó kù ju ariwo lọ.

Ṣé ẹ ti gbàgbé ẹ? Ó dára. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ohun tí ẹ máa wí ni pé, “Ọkọ̀ yẹn lágbára jù ni.”

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ tẹ bọ́tìnì Sport, kí ẹ má yọ ọ́ mọ́ láéláé

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bọ́tìnì Sport kì í fi agbára ẹṣin kan ṣoṣo kún ẹ́ńjìnnì. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń sọ fún brain box kó máa bu àbùmọ́ sí ohun tí ẹsẹ̀ yín bá wí. Ẹ tẹ iná díẹ̀, ó gbọ́ púpọ̀. Bí ẹ bá wá tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀ pátápátá, ilẹ̀kùn ṣí gbayawu nínú Sport, ó ṣí gbayawu nínú Normal. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Ohun tí wọ́n ṣe kò ju pé wọ́n kó ohun tó yẹ kí wọ́n pín yí gbogbo ìrìn ẹsẹ̀ ká, wọ́n dà á sí ínṣì àkọ́kọ́.

Àwọn tó ń ta ọkọ̀ kò sì kórìíra ẹ̀. Ẹni tó wá dán ọkọ̀ wò kì í pẹ́ nínú rẹ̀. Bó bá fi ẹsẹ̀ kan iná, tí ọkọ̀ fò, á ní, “Háà! Agbára rèé!” á sì fa owó yọ. Kò sẹ́ni tó ń ra ọkọ̀ nítorí pé ó rọra gbéra.

Nítorí náà, ẹ tẹ Sport. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ẹ bá ń yọ ọkọ̀ jáde ní géètì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ẹ bá ń lọ ra búrẹ́dì. Bí òjò bá rọ̀, tí omi dá ọ̀nà Lẹ́kí dúró, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ eré tún ní ààyè kan fún ojú ọ̀nà tó tutù, níbi tí brain box ti máa ń fi sùúrù gbọ́ ẹsẹ̀, ẹ bi í bóyá ọkọ̀ ìyá àgbà lẹ rà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ jẹ́ kí ọrùn yín àti ẹsẹ̀ yín jọ máa jó

Ibí yìí ni ọkàn iṣẹ́ náà wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kánjú kọjá.

Ẹ ti àga sẹ́yìn títí tí orúnkún yín á fi nà tán. Ẹ gbé gìgísẹ̀ kúrò nílẹ̀, kí ẹsẹ̀ máa rọ̀ dirodiro lórí iná, kó má rí ohunkóhun fara tì. Ó tán. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wàyí.

Ọkọ̀ ta gìrì síwájú. Ara yín kò tíì gbọ́, ó kù sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ tó rọ̀ dirodiro sì bá ara lọ sẹ́yìn, ó yọ kúrò lórí iná. Ilẹ̀kùn atẹ́gùn pa dé, ọkọ̀ fà dúró. Ara yín wá fì síwájú, ẹsẹ̀ tún bá a wá, ó ki iná mọ́lẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọkọ̀ tún fò. Ara tún padà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó ń wa ẹnì kejì mọ́ láàárín yín. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ: okùn ń fì nítorí adìẹ ń fì, adìẹ ń fì nítorí okùn kò dúró. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé adìẹ kò san owó kọ́sítọ́ọ̀mù lórí okùn.

Brain box fúnra rẹ̀ máa ń bá yín dá sí i. Bí ọkọ̀ bá ń sá lọ, tí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá, á pa ẹnu nọ́sù dé kí epo má baà ṣòfò. Bí ẹ bá tún fẹsẹ̀ kàn án, epo á dé padà lójijì. Láàárín ìgbà tí kò sí epo rárá àti ìgbà tí epo dé, kò sí kí á yọ́ rìn: gbì ló máa dún. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ máa ń fi ẹsẹ̀ kékeré dúró sórí iná kó má baà dé ibẹ̀ rárá, tàbí kó gbé ẹsẹ̀ kúrò ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Òmùgọ̀ tó mọṣẹ́, ọ̀nà méjì péré ló mọ̀: kó tẹ̀ ẹ́ pa, tàbí kó sá kúrò lórí rẹ̀.

Ohun tó lè ba ijó yìí jẹ́ ni kí ẹ sún mọ́ sítíárìn, kí orúnkún ká díẹ̀, kí gìgísẹ̀ wà nílẹ̀ ṣinṣin, kó jẹ́ iwájú ẹsẹ̀ nìkan ni yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀, kí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ yín sì fara ti ògiri tó wà láàárín ọkọ̀. Bí ara bá mì nígbà náà, ẹsẹ̀ kò ní bá a mì. Bí fífì náà bá sì ti bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀ máńúà, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó parí. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ óò máa sá fún ni.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ di ẹsẹ̀ yín létí

Bàtà àwọn awakọ̀ ìdíje máa ń fẹ́lẹ́ nísàlẹ̀, kí àtẹ́lẹsẹ̀ lè máa gbọ́ ohun tó ń lọ. Ẹ̀yin kò fẹ́ ìròyìn kankan láti ìsàlẹ̀. Bàtà tó ga tó sì nípọn ni kí ẹ wọ̀, kó jẹ́ ìgbà tí ọkọ̀ bá fò ni ẹ máa tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ti kan iná. Sìlípáàsì náà dára, pàápàá irú èyí tó máa ń bọ́ tó máa ń há sábẹ́ bíréèkì.

Ó wá ku fúùtù máàtì. Ẹ tẹ́ èyí tó bá ọkọ̀ wá. Ẹ gbé onírọ́bà tí wọ́n ń tà nínú go-slow lé e. Ẹ wá fi káápẹ́ẹ̀tì pupa tó bá aṣọ ìjókòó mu parí ẹ̀. Ẹ má sì fi ìkọ́ kankan kọ́ wọn mọ́lẹ̀.

Amẹ́ríkà ti dán èyí wò ṣáájú yín, ibẹ̀ kò sì ṣeé rẹ́rìn-ín, nítorí ẹ̀mí bá a lọ. Lọ́dún 2009 àti 2010, Toyota pe àìmọye mílíọ̀nù ọkọ̀ padà nítorí máàtì tó ń há iná mọ́lẹ̀, àti nítorí iná mìíràn tó ń lẹ̀, tí kì í tètè gbéra padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní kọ̀ǹpútà ló ń gbé ọkọ̀ sá. Ìjọba gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá NASA, àwọn tó gbé ènìyàn lọ sí òṣùpá. Nígbà tí wọ́n parí ìwádìí ní oṣù Kejì ọdún 2011, wọn kò rí àléébù kankan nínú ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá náà tó lè fa eré burúkú yẹn. Lọ́dún 2014, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san bílíọ̀nù 1.2 dọ́là fún ìjọba Amẹ́ríkà nítorí ó ṣi àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́nà lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn onímọ̀ òṣùpá wo kọ̀ǹpútà títí. Ọwọ́ ènìyàn lásán ló máa ká máàtì kúrò nílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ fi jíà kìíní gba Third Mainland Bridge já

Afárá yẹn, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1990, gùn tó kìlómítà 11.8. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jimọ̀, ààyè wà níbẹ̀ fún yín láti ta gìrì láti Òwòròńṣòkí dé Adéníjì láìsí ìdíwọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi Mustang GT onímáńúà tí wọ́n ṣe láàárín 2011 sí 2017 ṣe àpẹẹrẹ. Jíà kìíní rẹ̀ ń sọ agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí di ìlọ́po 3.66, jíà kejì ń sọ ọ́ di ìlọ́po 2.43. Ìyẹn ni pé bí ẹsẹ̀ bá ṣe àṣìṣe kan náà, tí ẹ bá wà ní jíà kejì, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ti dín kù kó tó dé ọrùn ìyàwó yín. Ẹ rí i báyìí pé jíà kejì kò wúlò fún yín. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò lójú kan, tó ń yí, ọlọ́gbọ́n á bọ́ sí jíà kejì. Ẹ̀yin, ẹ dúró sí ìkíní. Bó bá jẹ́ ọ̀tòmátíìkì, ẹ fi sí S.

Bí ààyè tó tó gígùn kẹ̀kẹ́ Márúwá kan bá ṣí sílẹ̀ níwájú yín, ẹ fò dí i. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń jẹ́ kí ààyè ṣí dáadáa, kí wọ́n wá máa rọra yí lọ láìdúró, láìsáré. Dánfó á bọ́ síwájú wọn, ọkọ̀ mìíràn á bọ́ síwájú wọn, wọ́n á sì tún bá gbogbo wọn ní Adéníjì. Ẹ̀yin á ti dé ibẹ̀ ṣáájú wọn ní ìdajì ìṣẹ́jú, pẹ̀lú orí fífọ́. Epo tí ẹ sì máa fi fò bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin lẹ mọ iye tí ẹ ń rà á láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ ti ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ pe mẹkáníìkì tí kò nílò àyẹ̀wò

Ẹ máa mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ti ń yà wọlé, kó tó ká ọwọ́ aṣọ sókè, ó ti mọ̀.

“Ọ̀gá, brain box ló ti jó.”

“Ṣé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò ni?”

“Ọ̀gá mi, ohùn ẹ̀ ni mo gbọ́ yẹn.”

Ohun àkọ́kọ́ tó máa ṣe ni pé á yọ orí bátìrì, á ka ọgọ́rùn-ún, á dá a padà. Ó ń pè é ní reset. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ohun tí ìyẹn ń ṣe ni pé brain box á gbàgbé gbogbo ohun tó ti kọ́ nípa ilẹ̀kùn atẹ́gùn yẹn, títí kan ibi tó yẹ kó dúró sí nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí iná. Ọkọ̀ tó ń ta gìrì nìkan tẹ́lẹ̀ á wá máa gbọ̀n rìrì lójú kan títí tó fi máa tún ẹ̀kọ́ náà kọ́. Ẹ san owó iṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, á tú páìpù atẹ́gùn, á rí àwo throttle tó dúdú kirikiri, á sì ti ìka bọ̀ ọ́ láti fi tipátipá ṣí i. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Nínú ọ̀pọ̀ throttle òde òní, oníke ni eyín jíà tó ń yí àwo yẹn. Bó bá dún kẹ́ù, iná check engine á tàn, ọkọ̀ á kọ̀ kò ní sáré mọ́, ìṣòro títa gìrì sì ti tán pátápátá. Ọ̀nà kan rèé tí ẹnikẹ́ni kò rò ó dé.

Ẹ̀yin méjèèjì á wá forí lé ọjà Ládìpọ̀ láti ra throttle tọ́kúńbọ̀, tó bọ́ lára ọkọ̀ tí wọ́n tú palẹ̀ nítorí pé ó ń ta gìrì.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ bá mẹkáníìkì mìíràn pàdé, ọ̀dọ́kùnrin kan tó kọ́kọ́ ní kí ẹ jẹ́ kóun wà á. Ẹ ṣọ́ra fún un gidigidi. Á sọ fún yín pé èéfín àti òróró ẹ́ńjìnnì ti dì mọ́ etí àwo yẹn, tó fi ń lẹ̀ mọ́ ojú ihò. Bí ẹsẹ̀ bá bẹ̀ ẹ́ kò ní dáhùn, bó bá wá já, á já lójijì. Á ní kí ẹ jẹ́ kí òun fi oògùn ìfọ̀ tí wọ́n ṣe fún throttle àti aṣọ tó rọ̀ nù ún, kí òun má fi ipá ṣí i, kí òun sì jẹ́ kí brain box tún ibi ìdúró rẹ̀ kọ́ bí ìwé ọkọ̀ ṣe là á sílẹ̀. Á tún yọjú sábẹ́ ọkọ̀, á ní síìtì ẹ́ńjìnnì ti gbó, ìdí nìyí tí ẹ́ńjìnnì fi ń gbọn ara ẹ̀ kó tó ti ọkọ̀ síwájú, àti pé ààyè ti wà nínú ojú ìsopọ̀ ṣáfùtù. Owó tó máa bù kò ní tó ìdá mẹ́wàá owó brain box. Ẹ lé e lọ. Kí ni ènìyàn fẹ́ fi iṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú ṣe lára ọkọ̀ olówó ńlá?

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ ra àpótí kékeré tó ń fi agbára kún ọkọ̀

Wọ́n ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò tóbi ju páálí sìgá kan lọ. Ẹ yọ wáyà tó wà lára iná tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ẹ fi àpótí náà sáàárín iná yẹn àti brain box, ọkọ̀ yín á sì di àrá.

Iṣẹ́ ẹ̀ ni irọ́ pípa. Bí ẹsẹ̀ bá sọ pé “díẹ̀,” àpótí á sọ fún brain box pé “púpọ̀ ló wí.” Kò kan ẹ́ńjìnnì, kò kan epo, kò fi ẹṣin kankan kún un. Bọ́tìnì Sport kejì lẹ rà, lẹ́yìn tí ẹ ti ní ìkíní lọ́fẹ̀ẹ́. Ó sábà máa ń ní ipele tó lọ láti ìrọ̀rùn dé ìjà. Ẹ gbé e dé ìparí. Ipele ìrọ̀rùn tó wà nísàlẹ̀, èyí tó lè mú kí ẹsẹ̀ yín gbádùn ara ẹ̀ nínú go-slow, ẹ má wo ibẹ̀ rárá. Ta ló ń fi owó ra ìrọ̀rùn?

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ gbé ẹsẹ̀ lójijì láàárín kọ́ọ̀nà

Títí dé ibí, ọrùn àti owó nìkan lẹ ti ń pàdánù. Ìgbésẹ̀ yìí, ẹ kà á, kí ẹ má ṣe é, bó ti wù kí ìwà òmùgọ̀ yín jinlẹ̀ tó.

Bí ọkọ̀ bá ń yí kọ́ọ̀nà lórí eré, tí ẹ wá sá kúrò lórí iná, ìwúwo rẹ̀ á dà sí iwájú, táyà ẹ̀yìn kò ní di ilẹ̀ mú dáadáa mọ́, ìdí ọkọ̀ á sì fẹ́ wá wo ohun tó wà níwájú. Àwọn tó wa Porsche 911 àtijọ́, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nídìí, mọ ìtàn yìí dáadáa. Bí ẹ bá sì ki iná mọ́lẹ̀ lójijì nínú kọ́ọ̀nà lójú òjò, táyà ẹ̀yìn á yọ̀, á gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 1988, fi ààlà eré sí kìlómítà 50 ní wákàtí kan láàárín ìlú àti 100 lójú ọ̀nà márosẹ̀ fún ọkọ̀ àdáni. Wọn kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé “àfi bí ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ V8.”

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe rárá

Jackie Stewart, ọmọ Scotland, gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé Formula One ní 1969, 1971 àti 1973. Nínú ìdíje 99 tó wà, ó gba ipò kìíní nínú 27. Ẹ óò rò pé ẹni bẹ́ẹ̀ á máa fi ẹsẹ̀ fọ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Ọ̀nà tó ń gbà kọ́ ènìyàn ni pé ó máa ń gbé àwo kan sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á fi bọ́ọ̀lù sínú ẹ̀, á ní kí wọ́n máa wa ọkọ̀ lọ kí bọ́ọ̀lù má sì jáde. Ẹni tó bá ta gìrì, bọ́ọ̀lù ẹ̀ ti já bọ́. Ẹni tí bọ́ọ̀lù kò já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ló ń yára jù, nítorí táyà kì í yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Ẹ kò gbọ́dọ̀ dán irú ẹ̀ wò. Ẹ má ṣe jí lọ sí pápá tó ṣófo ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ẹ má fi ọkọ̀ sí Normal. Ẹ má fi gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wá ní kí ìyàwó yín di ife omi mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹ máa gbéra kí ẹ máa dúró títí omi náà kò fi ní ta sí i láṣọ mọ́. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ máa mọ ibi tí iná ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an, ẹsẹ̀ á mọ bó ṣe máa dúró sí ẹnu ibẹ̀, gbogbo owó tí ẹ ti kó kalẹ̀ fún brain box á sì ṣẹ́kù sọ́wọ́ yín. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?

Àwọn ìbéèrè tí òmùgọ̀ máa ń bi wá

*Ìyàwó mi ní òun kò wọ ọkọ̀ náà mọ́, kẹ̀kẹ́ Márúwá ló ń wọ̀. Kí ni kí n ṣe?*

Ẹ máa bá a lọ. Ìgbésẹ̀ kẹta ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

*Awakọ̀ ilé iṣẹ́ wa wà á lánàá, kò ta gìrì rárá. Ṣé ara ọkọ̀ náà ti yá ni?*

Rárá o. Ó ti fi ẹsẹ̀ ẹ̀ bà á jẹ́ ni. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kíá kó tó di pé àwọn ènìyàn rí i, nítorí bí wọ́n bá rí i, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé ta gan-an ló ń ta gìrì.

*Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n gbé e dé, kí n fi hàn wọ́n bó ṣe ń sá. Ṣé kí n ṣe é níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn?*

Níbi tí èrò bá ti pọ̀, tí wọ́n na fóònù sókè, tí ẹsẹ̀ yín sì ti ń gbọ̀n fún ayọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti rántí ìgbésẹ̀ kẹjọ, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ bọ́ sílẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò. Ọkọ̀ tó dúró kì í pa èrò.

*Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán. Mo ti ra brain box méjì, throttle méjì àti àpótí kan, ó ṣì ń ta gìrì. Ṣé kí n kúkú tà á?*

Ẹ tà á. Bí ẹni tó fẹ́ rà á bá bi yín pé kí ló ń ṣe é, ẹ sọ fún un pé ọkọ̀ náà lágbára ju ẹni tó ni í lọ. Nínú gbogbo ohun tí ẹ ti ń sọ nípa ọkọ̀ yẹn láti ọjọ́ tó ti dé, òun ni òótọ́ àkọ́kọ́.